Ọmọ Iṣẹ́ Ti Lọ: Ta Ló Ni Ohun Tó Mọ̀?

Ní Ṣàpọ́n, ṣọ́ọ̀bù kì í jìnnà síra wọn. Onítẹ̀wé fẹ̀gbẹ́ ti onítẹ̀wé, ẹni tó ń ta fóònù kọjú sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, béèyàn bá sì rìn díẹ̀ sápá Ìtòkú, àwọn aládìrẹ ló tò lọ bẹẹrẹ. Bí máníjà kan bá fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, tó sì ṣí tiẹ̀ sí òdìkejì títì lọ́jọ́ Ajé, ojú ọ̀gá rẹ̀ kòrókòró ni àwọn oníbàárà yóò ṣe máa yà síbẹ̀. Ohun tí ọ̀gá máa ń sọ tó bá dé ọ́fíìsì lọ́yà ni pé, "Ó ti jí iṣẹ́ mi lọ." Lọ́yà tó mọṣẹ́ kì í bá a gbaná jẹ. Á ní, "Ẹ má bínú, mà. Kí ló kó lọ gan-an?"

Inú ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ni gbogbo ẹjọ́ àṣírí òwò wà. Ohun mẹ́ta ló máa ń dà pọ̀ mọ́ra lórí òṣìṣẹ́ tó bá ti pẹ́ níbi iṣẹ́: ọgbọ́n ọwọ́ tó ti di ara rẹ̀, ìmọ̀ tí gbogbo ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà ní, àti àṣírí tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ yẹn nìkan. Òṣìṣẹ́ ló ni àkọ́kọ́, gbogbo ayé ló ni èkejì, ọ̀gá ló ni ẹ̀kẹta. Iṣẹ́ lọ́yà ọ̀gá ni láti fi ẹ̀rí ya ẹ̀kẹta yìí sọ́tọ̀ lójú adájọ́. Iṣẹ́ lọ́yà òṣìṣẹ́ ni láti fi hàn pé kò sí ẹ̀kẹta kankan níbẹ̀.

Ẹ wo adìrẹ. Bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀kọ ya àrà sára aṣọ, bí wọ́n ṣe ń fi ìko dì í kí wọ́n tó rì í sínú aró, kò sẹ́ni tó lè gbé e lọ sí kóòtù pé àṣírí òun ni. Gbogbo Ẹ̀gbá ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ilé iṣẹ́ kan bá ti ń po aró lóríṣiríṣi fún ọdún pípẹ́, títí tó fi rí èyí tí kì í ṣí lára aṣọ, tó kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé kan tó ń tì mọ́ dúrọ́ọ̀, tó sì jẹ́ pé ẹni méjì péré ló mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn. Títì tó tì í mọ́lé yẹn wà lára ohun tó sọ ọ́ di àṣírí lójú òfin. Ọ̀gá tó lẹ ìwọ̀n aró rẹ̀ mọ́ ara ògiri fún gbogbo ọmọ iṣẹ́ láti máa wò yóò ṣòro láti gbèjà.

Nàìjíríà kò ní òfin àkànṣe kan tó dá dúró lórí àṣírí òwò. Láti 1995 la ti wà nínú àjọ òwò àgbáyé, WTO, tí àdéhùn rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní TRIPS sọ ní abala kọkàndínlógójì pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan dáàbò bo irú ìmọ̀ báyìí. Síbẹ̀, ohun tí kóòtù wa ń lò ni òfin tí àwọn adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì fi ìdájọ́ gbé kalẹ̀, àti àdéhùn tí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ jọ fọwọ́ sí. Ìdájọ́ tí lọ́yà kì í gbàgbé nínú wọn ni ti adájọ́ Megarry ní London ní 1968, nínú ẹjọ́ Coco àti Clark, lórí ẹ́ńjìnnì alùpùpù kékeré kan. Ìbéèrè mẹ́ta ló fi dá a: ṣé ohun tí à ń jà lé lórí jẹ́ àṣírí lóòótọ́? Ṣé ẹni tó gbọ́ ọ mọ̀ nígbà tó ń gbọ́ ọ pé kò gbọ́dọ̀ jáde? Ṣé ó ti wá lò ó láìgba àṣẹ? Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ẹjọ́ náà wó.

Nǹkan kejì tí lọ́yà máa ń bèèrè ni ìwé tí òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí lọ́jọ́ tó gbaṣẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ti máa ń fọkàn balẹ̀ jù, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀rù ti máa ń ba òṣìṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé bó bá kúrò, kò gbọ́dọ̀ ṣe irú iṣẹ́ náà mọ́. Lójú òfin wa, irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀gá ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó mọ níwọ̀n ní ti ọjọ́, ní ti ibi tó dé, àti ní ti iṣẹ́ tó dí lọ́nà, àti pé ohun kan wà tó tọ́ kí òun fi dáàbò bò. Pé òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun du ọjà kì í ṣe ìdí.

Ní 1916, ilé ẹjọ́ àgbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ èyí kedere nínú ẹjọ́ Herbert Morris àti Saxelby. Láti ìgbà tí Saxelby ti kúrò ní iléèwé ló ti ń bá Herbert Morris, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ agbẹ́rù, ṣiṣẹ́, wọ́n sì fẹ́ dá a dúró fún ọdún méje. Àwọn adájọ́ ní rárá, ọgbọ́n tó kọ́ ti di tirẹ̀. Ní tiwa, ẹjọ́ tí gbogbo lọ́yà ń tọ́ka sí ni ti Koumoulis àti Leventis Motors, tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dá ní 1973. Ọdún kan péré ni àdéhùn iṣẹ́ Koumoulis fi dí i lọ́nà, láàárín 50 máìlì sí ibi tí ilé iṣẹ́ náà ti ń ṣòwò. Ilé ẹjọ́ ní ó mọ níwọ̀n, ó sì múlẹ̀. Òfin ìdíje òwò ti 2018, FCCPA, tún fi ààlà kan sí i: ọdún méjì ni irú ìdènà bẹ́ẹ̀ lórí ẹni tó gbaṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ. Ọ̀gá tó bá kọ ọdún márùn-ún sínú ìwé òṣìṣẹ́ rẹ̀ lónìí, òun fúnra rẹ̀ ló fi gbólóhùn náà sínú ewu.

Bí kò bá sí ìwé kankan ńkọ́? Ẹjọ́ tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń sin adìẹ ní ìpínlẹ̀ Ògùn mọ̀ ni ti Faccenda Chicken àti Fowler, tí wọ́n dá ní London ní 1986. Máníjà ọjà ni Fowler. Òun ló mú un wá pé kí ilé iṣẹ́ náà máa fi ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ amúǹkan-tutù gbé adìẹ tútù káàkiri lọ bá àwọn oníbàárà. Nígbà tó kúrò ní 1980, ó dá irú iṣẹ́ kan náà sílẹ̀ ní àdúgbò kan náà, òṣìṣẹ́ mẹ́jọ sì tẹ̀ lé e. Wọ́n mọ orúkọ àti àdírẹ́sì oníbàárà, ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà, ọjọ́ tí kálukú ń rà, iye tó ń rà, àti iye tí wọ́n ń tà á fún un. Ilé iṣẹ́ náà pè wọ́n lẹ́jọ́, ó sì pàdánù. Kò sí àdéhùn ìdènà nínú ìwé wọn. Àwọn adájọ́ sì wò ó pé kò sẹ́ni tó sọ fún wọn rí pé àṣírí ni, àti pé ohun tí ẹni tó ń wa ọkọ̀ adìẹ yóò mọ̀ dandan lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n kí òṣìṣẹ́ má tíì yọ̀. Ní 1895, nínú ẹjọ́ Robb àti Green, máníjà kan tó ń bá ẹni tó ń ta ẹyin àti ẹyẹ ìgbẹ́ ṣiṣẹ́ rọra jókòó, ó da orúkọ àwọn oníbàárà kọ láti inú ìwé ọ̀gá rẹ̀, kí ó tó kúrò. Òun jẹ̀bi. Ohun tó kù lọ́kàn ẹni nítorí pé a ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, òfin fàyè gbà á. Ohun tí a dìídì dà kọ nígbà tí a ṣì ń gba owó oṣù, kò fàyè gbà á. Lóde òní, ìwé yẹn ti di ìsọfúnni tí òṣìṣẹ́ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara rẹ̀ lóru ọjọ́ tó kù ọ̀la kí ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀rí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ lọ́yà yìí. Ó máa ń sọ fún ọ̀gá pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà tí òṣìṣẹ́ náà lò, kí wọ́n má gbé e fún ọmọ tuntun, kí wọ́n má pa ohunkóhun rẹ́ nínú rẹ̀. Abala kẹrìnlélọ́gọ́rin nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ní ìlànà tirẹ̀ fún ìwé tó bá jáde láti inú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù: ó gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí tó sọ bí wọ́n ṣe mú un jáde àti pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson ní 2012, ẹjọ́ ìdìbò gómìnà Bayelsa, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ kọ ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí àìsí èyí. Àwòrán WhatsApp tí ọ̀gá fi ń han gbogbo Ṣàpọ́n lè má wúlò níwájú adájọ́.

Ẹjọ́ náà kì í lọ sí kóòtù Májísíréètì ní Ìsàbọ̀. Láti ìgbà tí àtúnṣe òfin ilẹ̀ wa ti fìdí múlẹ̀ ní oṣù kẹta 2011, National Industrial Court nìkan ló ni àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ tó bá jẹ mọ́ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́. Bí ìdájọ́ rẹ̀ kò bá tẹ́ ẹnì kan lọ́rùn, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ni òpin. Ẹjọ́ bíi ti Koumoulis kò ní dé òkè mọ́ lónìí. Òfin gba kóòtù yìí láyè láti yà kúrò nínú Òfin Ẹ̀rí bí ìdájọ́ òdodo bá béèrè fún un, ṣùgbọ́n lọ́yà tó bá gbára lé àyè yẹn ti ń fi ẹjọ́ oníbàárà rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Àsìkò ló ṣe pàtàkì jù níbẹ̀, torí pé àṣírí tó bá ti tú kò ṣeé kó padà. Ìdí nìyí tí lọ́yà fi máa ń sáré gba àṣẹ ìdádúró kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Adájọ́ kì í fún ni lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ìgbà ẹjọ́ Kotoye àti Central Bank ní 1989, ẹni tó bá gba irú àṣẹ yìí gbọ́dọ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bó bá di pé kò tọ́ sí òun, òun yóò san ohun tí ẹnì kejì pàdánù. Èyí tó le jù ni àṣẹ Anton Piller, tí orúkọ rẹ̀ wá láti ara ilé iṣẹ́ Jámánì kan tí àwọn aṣojú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń tú àṣírí rẹ̀ fún àwọn tó ń bá a du ọjà. Àṣẹ náà, tí kóòtù tiwa náà ń lò, ní kí olùjẹ́jọ́ ṣílẹ̀kùn kí wọ́n wọlé wá kó ẹ̀rí láìjẹ́ pé ó gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ó yẹ kí adájọ́ máa ṣọ́ra fi í lélẹ̀ gidigidi, nítorí pé ilé àti fóònù ọmọlọ́mọ ni wọ́n fẹ́ tú.

Ní California, láti 1872 ni òfin wọn ti sọ irú àdéhùn ìdènà yìí di òfo, kálukú lè kúrò lónìí kí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Waymo ti pe Uber lẹ́jọ́ ní 2017 pé ẹnjiníà Waymo kan, Anthony Levandowski, kó fáìlì bíi 14,000 lórí ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀ kó tó lọ. Wọ́n parí rẹ̀ ní 2018 pẹ̀lú ìpín ìdókòwò Uber tí iye rẹ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù 245 dọ́là. Òmìnira láti lọ wà, òmìnira láti kó fáìlì kò sí.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí máa ń kọ́ òfin ní yunifásítì, á lọ sí Law School, á sì wà lábẹ́ lọ́yà àgbà fún ọdún díẹ̀. Bó bá ń lépa oyè SAN, ó kéré tán ọdún mẹ́wàá ni yóò ti fi wà lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí ìwé kò kọ́ ọ ni pé ó gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ oníbàárà rẹ̀ dénú: bí oníbúrẹ́dì ṣe ń po ìyẹ̀fun, bí àwọn ilé iṣẹ́ Agbára àti Ọ̀tà ṣe ń díye lé ọjà. Bí kò bá mọ èyí tó jẹ́ ìmọ̀ gbogbo ayé, kò ní mọ èyí tó jẹ́ àṣírí. Mo sì fẹ́ràn kí lọ́yà ti ṣe ti ọ̀gá, kí ó ti ṣe ti òṣìṣẹ́ náà. Ẹni tó wà ní apá kan títí láé kì í rí àṣìṣe apá náà.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹjọ́ wọ̀nyí kì í dé ìdájọ́. Ọ̀gá kì í fẹ́ kí àṣírí tó ń gbèjà di ohun tí wọ́n ń kà ní gbangba kóòtù, òṣìṣẹ́ kò sì lówó tó lè fi jà fún ọdún púpọ̀. Wọ́n á lọ síbi ìlàjà tí kóòtù náà ní. Òṣìṣẹ́ á dá ìwé àti kọ̀ǹpútà padà, á búra pé òun ti pa ìyókù rẹ́, á sì gbà láti má lọ bá àwọn oníbàárà kan tí wọ́n dárúkọ fún oṣù mélòó kan. Ọ̀gá á yọ ẹjọ́, á san owó oṣù tó kù fún un. Ṣọ́ọ̀bù òdìkejì títì á ṣì wà ní ṣíṣí.