Ta Ni Ó Ń Sọ̀rọ̀ Nínú Ìwé?

Bí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní ọjà Ìlọrà, ọ̀tọ̀ ni bí ẹni tí ó ń tajà yóò ti rò ó, ọ̀tọ̀ ni bí oníbàárà yóò ti rò ó, ọ̀tọ̀ sì ni ohun tí ẹni tí ó dúró lókèèrè yóò sọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹnu tí ó ń rò ó ni ó yàtọ̀. Nítorí èyí ni àwọn àgbà ṣe ń wí pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ mọ èyí dájú. Kí ó tó kọ gbólóhùn kìíní sílẹ̀, ó ní láti yan ẹni tí yóò sọ ìtàn náà. Asọ̀tàn ni ẹni bẹ́ẹ̀ ń jẹ́. Asọ̀tàn lè máa wí pé "èmi" láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, síbẹ̀ òun kọ́ ni òǹkọ̀wé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá mọ ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì yóò ṣi ìwé kà.

Ẹ jẹ́ kí a wo D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́, ìlú tí kò jìnnà sí Ìlọrà. Ní ọdún 1938 ni ìwé rẹ̀, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, jáde. Olùkọ́ ni Fágúnwà. Bí ó bá fi ẹnu ara rẹ̀ wí pé òun bá iwin jà nínú igbó, ta ni yóò gbà á gbọ́? Nítorí náà, ó mú kí bàbá arúgbó kan tọ akọ̀wé kan wá, kí ó sì ní kí ó mú kálámù àti ìwé, kí ó máa kọ ohun tí òun bá sọ. Àkàrà-oògùn ọdẹ ni bàbá náà. Ọdẹ ni ó mọ igbó, òun ni ó sì lè wí pé ojú òun ni ó ṣe. Bí ó ti ń sọ̀rọ̀, ó ń dá àpárá, ó sì ń gbani níyànjú, gẹ́gẹ́ bí àgbà ti í ṣe láàárín agbo. Kò pẹ́ tí àwọn ará ìlú fi gbọ́ nípa rẹ̀, tí èrò sì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Àwọn èrò náà wúlò fún Fágúnwà: ìfẹ́ tí wọ́n fi ń gbọ́ ìtàn náà ń ran ẹni tí ó ń kàwé.

Ọgbọ́n mìíràn ni Isaac Babalọlá Thomas, olóòtú Akéde Èkó, ti kọ́kọ́ dá. Láti ọdún 1929 títí wọ ọdún 1930, ó ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan tí ń jẹ́ Ṣẹ̀gilọlá sínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Obìnrin náà wí pé òun ti bayé òun jẹ́, pé àìsàn ti dá òun wó, kí àwọn ọ̀dọ́ fi òun ṣe àríkọ́gbọ́n. Ó ń dárúkọ àdúgbò Èkó, ó ń mẹ́nu ba orin tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Àwọn òǹkàwé sì kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn náà nítorí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kò sí Ṣẹ̀gilọlá kankan. Kálámù Thomas ni ó dá a. Ní ọdún 1930 ni a kó àwọn lẹ́tà náà jọ di ìwé.

Kí ni ó dé tí wọ́n fi gba Ṣẹ̀gilọlá gbọ́ tó bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ó bá rí iwin nínú ìwé Fágúnwà mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ìtàn ni òun ń kà. Ṣùgbọ́n ìròyìn òtítọ́ ni ènìyàn ń retí nínú ìwé ìròyìn. Ibi tí Thomas gbé ọ̀rọ̀ náà sí wà lára iṣẹ́ ọnà rẹ̀. Ohun kan sì tún wà níbẹ̀. Ṣẹ̀gilọlá wí pé òun ti ronú pìwà dà, síbẹ̀ bí ó bá dé orí ẹwà rẹ̀ ìgbà èwe, ọ̀rọ̀ a máa dùn lẹ́nu rẹ̀. Òǹkọ̀wé tipa báyìí jẹ́ kí a mọ ohun tí asọ̀tàn kò fẹ́ jẹ́wọ́.

Nítorí náà, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣí ìwé, yálà ìtàn ni tàbí ìwé ìròyìn, kí ó bèèrè ohun mẹ́ta: Ta ni ó ń sọ̀rọ̀? Ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀? Kí ni ó ń fi pamọ́? Bí ó bá sì kan òun náà láti kọ àròkọ lórí aáwọ̀ ọjà, kí ó kọ́kọ́ pinnu ẹni tí yóò rò ó, nítorí ibi tí asọ̀tàn bá dúró sí ni òǹkàwé yóò ti máa wo ọ̀rọ̀ náà.