Ibà tí kò gbọ́ oògùn: ohun tí ìwádìí Ọ̀wọ̀ kọ́ mi nípa ibà Lásà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí dípò kí ẹ gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé dátà ni. Kò burú, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, lásìkò ọyẹ́, ọmọ àbúrò bàbá mi tó ń gbé ní Upenmen, lágbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. “Bọ̀dá, ara mi gbóná, orí sì ń fọ́ mi.” Inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó ni mo wà. Mo dá a lóhùn pé ibà lásán ni. Mo fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí i kó lọ ra oògùn màlééríà ní kẹ́mísìtì, mo sì padà sí ohun tí mo ń wò lórí fóònù.

Ó ra oògùn. Ibà kò lọ. Wọ́n ní á jẹ́ pé táífọ́ọ̀dù ni, wọ́n bá gún un lábẹ́rẹ́. Ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó ń bì. Ọjọ́ kẹsàn-án ni ẹnì kan tó sọ pé ẹ gbé ọmọ yìí lọ sí ọsibítù. Ó yè é. Ṣùgbọ́n etí òsì rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan mọ́ láti ìgbà náà. Tí mo bá pè é, á ní kí n dúró, kí òun gbé fóònù sí etí kejì. Nígbàkígbà tó bá sọ bẹ́ẹ̀, èsì tí mo fún un nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà ni mo máa ń rántí.

Ibà Lásà ló ṣe é. Orúkọ ìlú ni Lásà, ní ìpínlẹ̀ Borno, níbi tí nọ́ọ̀sì míṣọ́nárì kan ti ṣàìsàn lọ́dún 1969, tí wọ́n sì tipa bẹ́ẹ̀ mọ kòkòrò tó ń fa àrùn náà. Orúkọ yẹn máa ń tan èèyàn jẹ, a ó rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará òkè Ọya ni. Rárá o. Lọ́dọọdún, ìpínlẹ̀ Oǹdó, Edo àti Ebonyi wà lára ibi tó ti ń pọ̀ jù ní Nàìjíríà, tí a bá sì dé Oǹdó, Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ ló máa ń wà níwájú. Lọ́dún 2020 nìkan, èèyàn 1,189 ni àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní in káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, 244 sì kú. Ẹ rántí pé ọdún Kòrónà nìyẹn. Gbogbo wa ń fi sánítáísà pa ọwọ́, eku sì ń jẹun nínú ilé ìdáná.

Eku ni, eku kékeré kan tó ń gbé inú oko àti inú ilé, tó sì ń bímọ bí ẹni pé wọ́n ń san owó fún un. Kòkòrò àrùn náà kì í pa eku yìí, ó kàn ń jáde nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ni. Tí eku bá tọ̀ sórí gààrí tí a sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tàbí sórí abọ́ tí a fi sílẹ̀ láìdé, ọwọ́ wa ló máa gbé e dé ẹnu. Àwọn tó ń pa eku jẹ tún máa ń kó o nígbà tí wọ́n bá ń tún un ṣe. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n ti kórè tán, tí wọ́n sì ti dáná sungbó, oúnjẹ kò sí nínú oko mọ́, inú ilé ni eku ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí àrùn náà fi máa ń gbóná láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹrin. Láti ara èèyàn sí èèyàn náà, ó ń ràn nípa ẹ̀jẹ̀, èébì, ìtọ̀ àti irú omi ara bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló fi ń pa dókítà àti nọ́ọ̀sì.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí le ni pé ó jọ màlééríà. Nínú èèyàn mẹ́wàá tó bá kó o, nǹkan bí mẹ́jọ ni kò ní mọ̀ rárá tàbí tí ara wọn kàn máa rẹ̀ díẹ̀. Àwọn tó kù ló ń rí ìjà. Àwọn tó ń ṣẹ́jẹ̀ lẹ́nu àti nímú, tí a máa ń rí fọ́tò wọn, kò pọ̀. Tí o bá ń dúró de ẹ̀jẹ̀ kí o tó gbà pé Lásà ni, o ti pẹ́ jù.

Ẹ jẹ́ ká wá sí Ọ̀wọ̀. Ọsibítù ìjọba àpapọ̀ kan wà níbẹ̀, FMC Ọ̀wọ̀. Nígbà kan, Irrua ní ìpínlẹ̀ Edo ni wọ́n ń gbé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn lọ fún àyẹ̀wò. Ìwọ fojú inú wo ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná, tí èsì rẹ̀ wà lójú ọ̀nà. Lọ́dún 2018, àrùn náà ya bo orílẹ̀-èdè yìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ oníṣègùn kan tó ń jẹ́ ALIMA wá ran ọsibítù náà lọ́wọ́. Àwọn dókítà ibẹ̀ àtàwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tí wọ́n pè ní LASCOPE. Wọ́n tẹ̀ lé aláìsàn 510 tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé Lásà ló ń ṣe wọ́n, láti oṣù kẹrin 2018 títí di oṣù kẹta 2020. Méjìlélọ́gọ́ta ló kú, ìyẹn bí méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún.

Mo ka iye yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Nínú iye orílẹ̀-èdè tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló kú. Lóòótọ́, a kò lè gbé méjèèjì ka orí ìwọ̀n kan náà, torí àwọn aláìsàn kì í ṣe ọ̀kan náà. Síbẹ̀, kò sí oògùn ìyanu kankan ní Ọ̀wọ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe kò ju kí wọ́n ṣàyẹ̀wò kíá, kí wọ́n fa omi sí aláìsàn lára, kí wọ́n fún un ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, kí wọ́n máa yẹ kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ wò lóòrèkóòrè, kí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ sì wà nílẹ̀ fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bá daṣẹ́ sílẹ̀. Ìwádìí náà sì fi hàn pé àwọn tí kíndìnrín wọn ti bà jẹ́ nígbà tí wọ́n dé, àti àwọn tí kòkòrò àrùn ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, wà lára àwọn tí ikú sún mọ́ jù.

Oògùn tí wọ́n ń lò ni ribavirin. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Sierra Leone, tó jáde lọ́dún 1986, sọ pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́. Àwọn onímọ̀ òde òní ń jiyàn lórí bí agbára oògùn náà ṣe tó, wọ́n sì ti dán òmíràn tó ń jẹ́ favipiravir wò, ní Ọ̀wọ̀ náà. Èmi ò ní dá sí ìjà àwọn dókítà. Mo kàn mọ̀ pé ọjọ́ kẹsàn-án ni àbúrò mi dé ọsibítù.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ńkọ́? Kò tíì sí. Àjọ CEPI gbé owó kalẹ̀ fún ìwádìí kan tó ń jẹ́ Enable ní Nàìjíríà, Benin, Guinea, Liberia àti Sierra Leone, láti mọ bí àrùn náà ṣe pọ̀ tó láàárín ìlú, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n ti máa dán abẹ́rẹ́ wò. Ọ̀wọ̀ wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan tó lè dà bíi pé mo yà kúrò lọ́nà. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2022, àwọn agbébọn kọ lu ìjọ Àgùdà ti St Francis ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa ohun tó lé ní ogójì èèyàn. FMC yìí náà ni wọ́n sáré gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó fara gbọgbẹ́ lọ. Gbogbo ayé gbọ́ lọ́jọ́ náà, fóònù wa kò sinmi. Bí àjálù bá dún, kò sẹ́ni tí wọ́n ń sọ fún kó tó sáré. Àjálù Lásà kì í dún. Inú yàrá ló ti ń ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú páálí oògùn màlééríà lórí tábìlì. Ọsibítù lè múra sílẹ̀ títí, àyẹ̀wò lè wà, bẹ́ẹ̀dì lè wà. Ọjọ́ tí a lò láàárín kẹ́mísìtì àti ilé kò sí lọ́wọ́ dókítà kankan.

Tèmi báyìí nìyí: ibà tí kò bá yí padà lẹ́yìn wákàtí 48 tí a ti ń lo oògùn tó yẹ, ọsibítù ló kàn, pàápàá tí aláìsàn bá ń gbé tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti agbègbè tí Lásà wà. Aláboyún ò gbọ́dọ̀ dúró tó bẹ́ẹ̀ rárá, torí àrùn yìí burú fún oyún tó ti gbó. Nọ́ńbà NCDC ni 6232, ẹ fi sórí fóònù yín kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Mo ń dúró.

Àwọn kan ń sá fún ọsibítù torí ìyàsọ́tọ̀. Ẹ̀rù ohun tí aládùúgbò máa sọ ń bà wọ́n. Mo gbà, ojú ọ̀hún kì í dára. Àbúrò mi sọ fún mi pé nígbà tí òun padà délé, ẹni tó máa ń ra gààrí lọ́wọ́ ìyá wọn gba ọ̀nà míì kọjá fún odindi oṣù méjì. Ẹni tó ti yá, tí ọsibítù sì ti dá sílẹ̀, tí wọ́n ń sá fún, nígbà tí eku ṣì ń sáré lórí àjà wọn!

Gààrí ilé wọn ti wọ inú ike onídèérí báyìí. Lọ́yẹ́ tó kọjá, ó tún fi ohùn ránṣẹ́: “Bọ̀dá, ara ìyàwó mi ń gbóná láti ọjọ́ mẹ́ta, ó ti lo oògùn.” Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà. Mo jáde síta, mo pè é, mo dúró títí ó fi gbé fóònù sí etí ọ̀tún, mo ní kó gbé e lọ kíá. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, màlééríà ni. Èmi ni mo san owó ọkọ̀ náà.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.