Èjìká Tó Gan

Àrùn kan wà tó máa ń mú èjìká, tí kì í sábà yọ ọmọdé lẹ́nu. Àwọn tó wà láàárín ọdún 40 sí 60 ló máa ń bá jà jù, obìnrin sì pọ̀ nínú wọn ju ọkùnrin lọ. Ó tún máa ń mú àwọn alátọ̀gbẹ gan-an.

Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Èjìká kan á máa dunni, pàápàá lóru, a ò ní lè fi ẹ̀gbẹ́ náà sùn. Nígbà tó bá pẹ́, ọwọ́ kò ní gòkè mọ́. Ìyá kò ní lè wé gèlè, bàbá kò ní lè fa dàǹṣíkí bọ orí. Bí ẹlòmíràn bá tilẹ̀ bá a gbé ọwọ́ náà sókè, kò ní lọ.

Àwọn kan á ní ayé ló ṣe é. Rárá o. Awọ kan ló yí oríkèé èjìká ká bí àpò. Awọ yìí ló wú, tó ki, tó sì súnkì, bí bùbá tí a fọ̀ tó wá há mọ́ni lápá. Dókítà Codman, ará Boston ní Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ ní èjìká dídì ní ọdún 1934. Ìrora ló ń ṣáájú, gígan á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni yóò máa tú. Gbogbo rẹ̀ lè gbà tó ọdún 1 sí 3. Ọ̀nà jìn, a ò ní tàn yín.

Ẹ má ṣe so ọwọ́ náà kọ́ ọrùn kí ẹ wá jókòó tì í. Àìlò a máa mú kó gan sí i. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ipá fà á, ì báà ṣe ọmọ yín.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì wo ìwọ̀n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín. Ó lè gún yín lábẹ́rẹ́ sí oríkèé láti dín ìrora kù. Bí èjìká bá ń dunni pọ̀ mọ́ àyà, tí èémí kò já gaara, ọkàn ló lè jẹ́. Ẹ má dúró dọ̀la.

Ìdárayá tí wọ́n ń kọ́ni ní ilé ìwòsàn kò le. Ẹ fi aṣọ tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé èjìká fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Alátọ̀gbẹ, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn bá yín dán omi náà wò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ tó dá di tábìlì mú, ẹ tẹ̀ síwájú, kí ọwọ́ tó ń dùn yín rọ̀ wálẹ̀ bí okùn kànga. Ẹ máa fì í yípo kékeré, ìgbà 10 sí ọ̀tún, ìgbà 10 sí òsì. Ara ni kí ẹ fi máa fì í, kì í ṣe agbára èjìká. Ẹni tí ìrora rẹ̀ ṣì gbóná, ibẹ̀ ni kó dúró ná.

Bí ìrora bá ti rọlẹ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di tówẹ̀lì mú lẹ́yìn, ọwọ́ tó dá lókè, èyí tó gan nísàlẹ̀. Kí ti òkè máa fa ti ìsàlẹ̀ gòkè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kí ẹ mọ̀ ọ́n lára pé iṣan ń nà, kó má ṣe dà bí ẹni pé wọ́n ń fi ọ̀bẹ gún yín. Bó bá ń dùn yín títí di ọjọ́ kejì, ẹ ti ṣe é jù. Ẹ dín in kù.

Èyí tí àwa fẹ́ràn jù ni ti ògiri. Ẹ kọjú sí ògiri, ẹ fi ìka rìn gòkè bí aláǹtakùn, títí dé ibi tí kò bá lọ mọ́. Ẹ fi ẹfun sàmì síbẹ̀, ẹ sì kọ ọjọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ ṣáà ti mọ̀wé kọ. Ó lè tó oṣù kan kí àmì kejì tó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ má nu ti àkọ́kọ́ kúrò.