Ẹ Ṣe Ẹ̀dà Rẹ̀ Kí Hard Disk Tó Kú

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kọ gbèsè oníbàárà sínú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ yín rèé o. Àwo inú hard disk a máa yí ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ohun tó ń kà á kò dà bí abẹ́rẹ́ giramafóònù. Kò gbọdọ̀ fara kan àwo náà. Bó bá kàn án, ó bùṣe!

Tiwa dún kẹ́kẹ́kẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, a ní kò sí nǹkan. Lọ́jọ́ kẹrin, àkọsílẹ̀ owó ìfipamọ́ oṣù méjì bá a lọ. Rìsíìtì yín la fi ń tún un kọ. Ẹni tí tirẹ̀ sì ti sọnù ńkọ́? Àwa àtòun ṣì ń fà á.

Nísinsìnyí, ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, a ń ṣe ẹ̀dà méjì: ọ̀kan ní ọ́fíìsì, èkejì nílé akápò. A sì máa ń ṣí wọn wò. Lóṣù tó kọjá, ọ̀kan kọ̀, kò ṣí. Lọ́jọ́ náà gan-an la ṣe òmíràn.