Ilé Là Á Wò Kí Á Tó Sọ Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Lórúkọ

Ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi ara wa nígbà tí a bá ń jiyàn lórí eré bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá: Ta ni ó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù? Ṣé ìjọba tí ń san owó oṣù wọn ni, tàbí olówó tí ó dá wọn sílẹ̀, tàbí ilé iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà láyà aṣọ wọn, àbí àwọn ará ìlú tí ń san owó ìwọlé, tí òòrùn ń pa, tí òjò ń pa, nítorí wọn? Àwọn ará Jàpáànù dá ìbéèrè yìí lóhùn ní ọdún 1993. Ìdáhùn wọn kan àwa tí a ń gbé ìlú onílùú ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí á ti ẹ̀yìn wá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1968, níbi ìdíje Òlíḿpíìkì tí wọ́n ṣe ní Mẹ́síkò, Nàìjíríà àti Jàpáànù bọ́ sí ìsọ̀rí kan náà. Jàpáànù gbá góòlù mẹ́ta wọ ilé wa, àwa dá ẹyọ kan padà. Ọkùnrin kan ṣoṣo tí ń jẹ́ Kunishige Kamamoto ni ó gbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé. Àwa náà kò kúkú lọ lásán, nítorí a bá Bràsíl ta ọ̀mì, góòlù mẹ́ta sí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n àwọn ará Jàpáànù ni ó gba àmì ẹ̀yẹ idẹ lọ sílé.

Ènìyàn ì bá rò pé lẹ́yìn irú iyì bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀lù yóò gbilẹ̀ ní ilẹ̀ wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Odidi ọgbọ̀n ọdún ni ó kọjá kí wọ́n tó dé ibi ìdíje Ife Àgbáyé. Kí ni ó fà á? Láti ọdún 1965 ni wọ́n ti ní líìgì, ṣùgbọ́n líìgì àwọn ilé iṣẹ́ ni. Mitsubishi ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, Furukawa ní tirẹ̀, Yanmar ní tirẹ̀, Nissan ní tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ ni àwọn agbábọ́ọ̀lù náà. Ọ̀pọ̀ wọn a ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì tán kí wọ́n tó lọ sí pápá. Àwọn òǹwòran kò pọ̀, àwọn tí wọ́n sì wà, ẹlẹgbẹ́ wọn níbi iṣẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Ará àdúgbò tí ń kọjá lọ kò rí ìdí tí yóò fi wọlé. Ta ni yóò pariwo títí ohùn yóò fi há, nítorí ilé iṣẹ́ tí kì í san owó oṣù rẹ̀?

Orúkọ ni wọ́n kọ́kọ́ yí padà

Ẹni tí ó ṣáájú àtúnṣe náà ni Saburo Kawabuchi. Agbábọ́ọ̀lù ni òun fúnra rẹ̀. Ó wà nínú ẹgbẹ́ Jàpáànù tí ó fi àgbà han Argentina níbi Òlíḿpíìkì Tokyo ní ọdún 1964, ó sì gbá góòlù wọlé lọ́jọ́ náà. Ní ọdún 1960, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ kọ́ṣẹ́ ní ìlú Duisburg ní Jámánì. Ohun tí ó rí níbẹ̀ kò kúrò lọ́kàn rẹ̀: pápá oníkoríko tútù tí tọmọdé tàgbà ń lò. Nígbà tí ó di alága líìgì tuntun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1991, ìran yẹn ni ó fẹ́ gbé wá sílé.

Òfin tí wọ́n fi lélẹ̀ kò rọrùn. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ ní ìlú kan pàtó tí ó jẹ́ ilé rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní pápá tí ó gba ènìyàn 15,000 ó kéré tán, kí iná sì wà níbẹ̀ fún eré alẹ́. Ó gbọ́dọ̀ dá dúró lábẹ́ òfin. Ó gbọ́dọ̀ máa tọ́ àwọn ọmọdé agbábọ́ọ̀lù dàgbà, nítorí ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Èyí tí ó wá dun àwọn ọlọ́rọ̀ jù lọ ni ti orúkọ: wọ́n ní orúkọ ilé iṣẹ́ kò gbọdọ̀ sí nínú orúkọ ẹgbẹ́ mọ́. Ìlú ni yóò máa jẹ́.

Báyìí ni ẹgbẹ́ Nissan ṣe di Yokohama Marinos, tí ti Mitsubishi di Urawa Red Diamonds, tí ti Mazda di Sanfrecce Hiroshima. Ilé iṣẹ́ ṣì ń náwó, ó sì lè kọ orúkọ rẹ̀ sí àyà aṣọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni bàbá ọmọ mọ́. Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Yomiuri, tí ó ni ẹgbẹ́ Verdy, bínú gidigidi sí òfin yìí. Líìgì kò yẹ̀.

Yorùbá ní ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ, àwọn ará Jàpáànù náà sì wo ilé. Ní Hiroshima, ìtàn ìjòyè àtijọ́ kan wà, Mori Motonari, tí ó kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta pé ọfà kan ṣoṣo kò ṣòroó ṣẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá di mẹ́ta pọ̀, agbára kò ká a. Ìtumọ̀ Sanfrecce ni “ọfà mẹ́ta”. Ṣé ẹ rí i pé òwe ọwọ̀ tiwa náà nìyẹn? Ní Kashima, àgbọ̀nrín wà nínú orúkọ ìlú fúnra rẹ̀; nítorí náà ni wọ́n ṣe pe ẹgbẹ́ wọn ní Antlers, èyí tí í ṣe ìwo àgbọ̀nrín.

Ìlú kékeré tí kò gbà pé òun kéré

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù karùn-ún ọdún 1993, ẹgbẹ́ mẹ́wàá ni ó bẹ̀rẹ̀ líìgì náà. Èrò 59,626 ni ó kún pápá ìṣeré Tokyo lálẹ́ ọjọ́ yẹn, níbi tí Marinos ti na Verdy ní góòlù méjì sí ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó wọ̀ wá lọ́kàn jù ni ti Kashima.

Ìlú kékeré ni Kashima nígbà náà, àwọn olùgbé rẹ̀ kò ju bí 45,000 lọ. Ilé iṣẹ́ irin Sumitomo ni ó gbé ìlú náà ró, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni ó sì ti ibòmíràn wá wá oúnjẹ òòjọ́. Ẹgbẹ́ wọn kò tilẹ̀ sí ní ìpele kìíní líìgì àtijọ́. Kawabuchi sọ fún wọn láìfi bò pé kò sí àyè fún wọn, àfi bí wọ́n bá lè kọ́ pápá tí ó ní òrùlé, tí yóò gba ènìyàn 15,000. Ó ń fi èyí lé wọn sẹ́yìn ni. Wọ́n kọ́ ọ. Wọ́n tún mú Zico ará Bràsíl wá. Nínú eré wọn àkọ́kọ́, wọ́n na Nagoya ní góòlù márùn-ún sí òdo, Zico nìkan sì gbá mẹ́ta wọlé. Láti ìgbà náà, Kashima ti gba ife líìgì ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ó sì gba ife àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Éṣíà ní ọdún 2018. Nígbà tí àgbọ̀nrín bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé, ta ni yóò bi ará ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá ọmọ onílẹ̀ ni tàbí àlejò tí iṣẹ́ irin gbé wá?

A kò sọ pé gbogbo rẹ̀ ni ó dùn bí oyin. Èrò tí ń wòran lọ sílẹ̀ láti bí 19,000 lórí eré kan ní ọdún 1994 sí bí 10,000 ní ọdún 1997. Ní ọdún 1998, àwọn onígbọ̀wọ́ Yokohama Flügels ní agbára àwọn kò gbé e mọ́, wọ́n sì pinnu láti da ẹgbẹ́ náà pọ̀ mọ́ Marinos, alátakò rẹ̀ nínú ìlú kan náà. Eré tí Flügels gbá kẹ́yìn láyé ni àṣekágbá Ife Ọba Jàpáànù ní ọjọ́ kìíní ọdún 1999. Wọ́n gba ife náà, wọ́n sì túká. Àwọn alátìlẹ́yìn wọn sọkún, ṣùgbọ́n wọn kò fi mọ sí ẹkún. Wọ́n dáwó jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀, Yokohama FC, tí ó gòkè dé ìpele kìíní ní ọdún 2007. Onílé iṣẹ́ lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìlú kò ní ilẹ̀kùn tí a lè tì.

Ní ilé tiwa ńkọ́?

Àwa pẹ̀lú ti rí irú èyí. Ní ọdún 1986, Leventis United ti Ìbàdàn gba líìgì, ó tún gba ife ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n tú u ká. Abiola Babes ti Abẹ́òkúta gba ife orílẹ̀-èdè ní ọdún 1985 àti 1987. Lónìí, ìtàn ni. Ní ọdún 1990 ni a bẹ̀rẹ̀ líìgì àwọn tí ń fi bọ́ọ̀lù gbígbá jẹun, Iwuanyanwu Nationale ti Owerri sì ni ó kọ́kọ́ gbà á. Orúkọ olówó ni ó ń jẹ́ nígbà náà, Heartland ni a mọ̀ ọ́n sí báyìí. Ṣùgbọ́n Shooting Stars ti Ìbàdàn àti Rangers ti Enugu ṣì ń bẹ, nítorí pé àwọn ènìyàn wọn kò jẹ́ kí wọ́n kú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àpò ìjọba ni ó ń bọ́ wọn.

Àwọn àgbà inú wa kò lè gbàgbé ọdún 1977, nígbà tí àwọn méjèèjì pàdé nínú ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà. Ní Èkó, ọ̀mì. Ní Kàdúná, ọ̀mì. Pẹnáritì ni Rangers fi borí. Yorùbá wo, Ìgbò wo, ni ó wà ní Kàdúná lọ́jọ́ náà tí ọkàn rẹ̀ kò sí ní ilé bàbá rẹ̀?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ń lọ gan-an nìyí. Bàbá wà ní Jọ́ọ̀sì, ó ń fi rédíò gbọ́ bí Shooting Stars ṣe gbá a. Ọmọ rẹ̀ tí a bí sí Jọ́ọ̀sì ń hó nítorí Plateau United tí ó gba líìgì ní ọdún 2017. Ní Kánò, ọmọ Ọ̀yọ́ wọ aṣọ Pillars, ẹgbẹ́ tí ó ti gba líìgì lẹ́ẹ̀mẹrin. Àwọn bàbá kan a máa bínú, wọ́n a ní ọmọ ti gbàgbé ilé. Ẹ má ṣe bínú, ẹ̀yin àgbà. Bí ẹgbẹ́ bá jẹ́ ti ìlú, ti gbogbo ẹni tí ń gbé ìlú náà ni. Ẹni tí ó ń san owó orí níbẹ̀, tí ó ń ṣòwò níbẹ̀, tí ó sì ń san owó ìwọlé, ó ní ìpín nínú rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ọmọ onílùú jókòó lórí pákó kan, tí wọ́n jọ fò sókè nígbà tí bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n, ti ní ọ̀rẹ́ tí yóò jẹ́rìí sí i lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá le.

Ohun tí ó kù ni kí àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù wa kọ́gbọ́n lára àwọn ará Jàpáànù: kí wọ́n jẹ́ kí ará ìlú, onílé àti àlejò, lè forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n dáwó, kí wọ́n sì ní ohùn nínú ìṣàkóso ẹgbẹ́ wọn, kí gbogbo ẹrù má baà wà lórí ìjọba nìkan. Ní ti àwa àlejò, àjò kì í dùn kí onílé má relé, a ó sì máa bèèrè èsì eré ilé títí ayé. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀sán ọjọ́ eré, tí ẹgbẹ́ ìlú tí a ń gbé bá fẹ́ wọ pápá, ẹ di ọmọ yín lọ́wọ́ mú, kí ẹ bá wọn lọ.