Nígbà Tí Ọ̀rọ̀ Bá Gbóná Láàárín Ọlọ́pàá àti Ará Ìlú

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń retí kí n sọ̀rọ̀ lórí ogún pínpín tàbí sàká lọ́dún yìí. Àwọn tó ṣáájú mi ti sọ ìyẹn, wọ́n sì sọ ọ́ dáadáa. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni ohun tó ń pa ọmọ ènìyàn lójú títì. Bí ọ̀rọ̀ bá di gbọ́nmi-si-omi-ò-to láàárín ọlọ́pàá àti ará ìlú, kí ni òfin gbà kí ọlọ́pàá ṣe? Níbo ni agbára ọwọ́ rẹ̀ pin sí?

Ẹ jẹ́ ká ti inú ìwé òfin bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í gbọ́. Abala 33 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti wà láàyè. Lẹ́yìn náà ló yọ ọ̀nà mẹ́ta sílẹ̀ tí ikú lè gbà wáyé tí òfin kò ní kà á sí pé wọ́n fi ẹ̀tọ́ náà du ẹni tó kú. Àkọ́kọ́ ni ìdáàbòbò ènìyàn lọ́wọ́ ìwà ipá tí kò bófin mu, tàbí ìdáàbòbò dúkìá. Èkejì ni mímú ẹni tí òfin gbà kí wọ́n mú, tàbí dídènà kí ẹni tó wà ní àtìmọ́lé má sá lọ. Ẹ̀kẹta ni pípaná rúkèrúdò tàbí ọ̀tẹ̀. Lójú, ó dà bí ẹni pé ilẹ̀kùn yìí gbòòrò. Ṣùgbọ́n òfin náà fi ìdè sí i: agbára tí wọ́n lò gbọ́dọ̀ mọ ní ìwọ̀n tó pọn dandan, lójú ẹni tó ní làákàyè. Ìwọ̀n yẹn ni adájọ́ máa ń yẹ̀ wò. Èébú kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Pé awakọ̀ kọ̀ láti mú owó wá kò sí níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wa la mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ní àṣẹ tiwọn lórí ìbọn yínyìn, èyí tí wọ́n ń pè ní Force Order 237. Ti àtijọ́ gbà kí ọlọ́pàá yìnbọn lu ẹni tó ń sá lọ, bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn láti mú un, tí ẹ̀sùn rẹ̀ sì jẹ́ èyí tó lè fa ẹ̀wọ̀n ọdún 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rò ó wò ná. Ẹ̀sùn ni o, adájọ́ kò tíì sọ̀rọ̀. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn pariwo lé e lórí títí, wọ́n sì tún àṣẹ náà ṣe ní 2019.

Ìlànà tó yé mi jù ni èyí tí ìpàdé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní Havana, ní ilẹ̀ Kúbà, ní 1990. Ó ní ọ̀nà tí kò ní ipá nínú ni kí ọlọ́pàá kọ́kọ́ lò dé ibi tó bá ti lè ṣeé ṣe. Kò gbọdọ̀ yìnbọn lu ènìyàn àfi bí ikú tàbí ìpalára ńlá bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kó tó yìn ín, kó sọ pé ọlọ́pàá lòun, kó kìlọ̀, kó sì fún ẹni náà láyè láti gbọ́ ìkìlọ̀, àyàfi tí ìyẹn yóò bá kó ẹ̀mí sínú ewu. Bí ẹnikẹ́ni bá fara pa, kí wọ́n tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí rẹ̀. Ẹni tó sì mọ̀ pé àṣẹ tí ọ̀gá òun pa lòdì sófin gbangba, tó sì láyè láti kọ̀ ọ́, kò lè sọ pé ọ̀gá ló rán òun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó nílé kéwú, ohun tí mo ń kà yìí kò ṣàjèjì sí yín. Nínú ìwé fíkíhì, ní orí ọ̀rọ̀ ẹni tó bá kọlu ènìyàn, ohun tó fúyẹ́ jù ni wọ́n ní ká kọ́kọ́ fi lé e padà. Bí igbe bá tó, ọwọ́ kò tọ́. Bí ọwọ́ bá tó, igi kò tọ́.

Ṣùgbọ́n ìwé kì í dá ọta ìbọn dúró, àfi ká mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń gbóná. Ọlọ́pàá ti dúró nínú oòrùn láti àárọ̀. Awakọ̀ ti san owó níbi mẹ́ta kó tó débẹ̀. Ohùn àwọn méjèèjì lọ sókè. Èrò pé lé wọn lórí, ẹnìkan ti yọ fóònù, ó ń ya fídíò. Ní báyìí, lójú àwọn èrò, ẹni tó bá kọ́kọ́ rẹ ohùn sílẹ̀ ni wọ́n ṣẹ́gun. Nínú ara wọn pàápàá, omi ara kan tí wọ́n ń pè ní adrenaline ti dà sínú ẹ̀jẹ̀: àyà ń lù kìkìkì, ọwọ́ ń gbọ̀n, ojú kò rí ẹ̀gbẹ́ mọ́, etí kò gbọ́ dáadáa. Ẹni tó wà nírú ipò yìí lè rí fóònù kó pè é ní ìbọn. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń kọ́ ọlọ́pàá níṣẹ́ fi máa ń sọ pé kó sún sẹ́yìn, kó fa àkókò gùn, kí ẹnìkan ṣoṣo máa sọ̀rọ̀. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti sọ fún ẹni tí inú bá bí lórí ìdúró pé kó jókòó.

Mo rí i kí wọ́n ṣe é. Bọ́ọ̀sì wa ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin. Ọlọ́pàá ọ̀dọ́ kan àti awakọ̀ wa ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí ara wọn, ọmọ náà sì ti kọ́ ìbọn. Sájẹ́ǹtì àgbàlagbà kan rọra wọ àárín wọn, ó ní kí ọmọ náà lọ bá òun bu omi wá. Ó wá kọjú sí awakọ̀: "Bàbá, ọmọ mélòó lẹ bí?" Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tá a fi ń lọ.

Wọ́n á ní ìbọn ṣèèṣì yìn ni. Mi ò fara mọ́ ọn. Ìbọn tí wọn kò kọ́, tí ìka kò sì sí níbi tí wọ́n ti ń yìn ín, kì í ṣàdédé ró. Èyí tí wọ́n sì yìn láti fi lé èrò, ọta rẹ̀ gbọ́dọ̀ balẹ̀ síbì kan. Ní oṣù Kẹta 2019, ọta ìbọn ọlọ́pàá ba ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Èkó níbi tó lọ wo bọ́ọ̀lù, ó sì kú. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá 2022, ọlọ́pàá yìnbọn lu agbẹjọ́rò obìnrin kan nínú ọkọ̀ ní Ajah. Ní oṣù Kẹwàá 2023, ilé ẹjọ́ gíga Èkó dá ẹjọ́ ikú fún ọlọ́pàá náà.

Òdodo kò gbọdọ̀ fì sí ẹ̀gbẹ́ kan o. Ní oṣù Kẹwàá 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ̀hónú hàn lórí SARS, tí ìjọba sì tú ẹ̀ka náà ká ní ọjọ́ 11 oṣù yẹn, àwọn jàǹdùkú dáná sun àgọ́ ọlọ́pàá púpọ̀. Ní Ìbàdàn wa níbí, wọ́n pa ọlọ́pàá. Àwọn ọlọ́pàá yẹn náà ní ìyá. Ìbínú kan náà tó mú ọlọ́pàá yìnbọn ló mú àwọn yẹn ṣáná.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá dá yín dúró, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ọwọ́ yín. Ẹ má ṣe di aṣọ ọlọ́pàá mú, ẹ má sì fọwọ́ kan ìbọn rẹ̀ láé, nítorí ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni ẹ ti fún un ní àwáwí. Bíbéèrè ohun tẹ́ ẹ ṣe kì í ṣe àfojúdi. Abala 35 ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi mú ènìyàn sílẹ̀ fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín 40 kìlómítà, kí wọ́n gbé e débẹ̀ láàárín ọjọ́ kan, àfi bí ẹ̀sùn náà bá jẹ́ èyí tó lè fa ìdájọ́ ikú. Ẹ wo orúkọ àti nọ́ńbà tó wà láyà aṣọ rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ ẹ bá ti kúrò níbẹ̀, pẹ̀lú aago àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá lu yín, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, kí dókítà kọ ohun tó rí. Ìwé yẹn lẹ ó mú lọ sí Police Service Commission, tàbí sí ilé ẹjọ́ gíga lábẹ́ abala 46. Ẹni tí kò bá lówó agbẹjọ́rò lè lọ sí Legal Aid Council, kó béèrè ìrànlọ́wọ́ wọn.