Alájọgbé àti Ohun Àjọní: Ètò Ẹgbẹ́ Onílé ní Àdúgbò

Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ láti yẹ̀ wò kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kọ́lé rí, tàbí tí ó ti fi owó gba yàrá lọ́dọ̀ ẹni tí ó kọ́lé. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ onílé ni: ẹgbẹ́ kékeré tí ogún tàbí ọgbọ̀n onílé ní òpópónà kan máa ń dá sílẹ̀ láti fi gbẹ́ kànga, láti fi ra tiransifọ́mà, láti fi la gọ́tà, àti láti fi san owó ọlọ́dẹ tí ń ṣọ́ wọn lóru. Bí a bá gba ọ̀nà Àkúrẹ́ wọ ilẹ̀ Èkìtì, Ìkẹ́rẹ́ ni a ó kọ́kọ́ bá. Bí a bá sì yà sí ìlà-oòrùn, a ó dé Ìsẹ̀ àti Èmùré. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìlú wọ̀nyí tí ilé titun kò tíì kọjá ibi tí odi àtijọ́ pin sí. Ní 1977 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó ìgbà náà dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn olùkọ́ sílẹ̀, èyí tí ó wà ní Ìkẹ́rẹ́ tí ó sì ti di yunifásítì báyìí. Nígbà tí a tún dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1996, tí Adó di olú-ìlú, ó ṣeé ṣe fún òṣìṣẹ́ ìjọba láti kọ́lé sí Ìkẹ́rẹ́ kí ó sì máa lọ síbi iṣẹ́ ní Adó lójoojúmọ́.

Nínú agbo ilé àtijọ́, alájọbí ni gbogbo wọn. Bí òrùlé bá ń jò, ọ̀wẹ̀ ni wọn yóò fi bò ó. Bí ẹnìkan bá fà sẹ́yìn, olórí ẹbí yóò pè é, yóò bá a wí, ọ̀rọ̀ yóò sì tán síbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ yan ẹlòmíràn jẹ mọ̀ pé alájọbí yóò dá a, ìbẹ̀rù yìí sì tó láti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ohun tí ó tọ́. Ṣùgbọ́n ní òpópónà titun, ará Ìsẹ̀ lè kọ́lé ti ará Ìkọ̀lé, kí ará Ọ̀wọ̀ wà ní iwájú wọn, kí oníṣòwò kan láti ilẹ̀ Ìgbò sì wà ní ìgun. Ìyá kan kò bí wọn, òrìṣà kan kò pa wọ́n pọ̀. Alájọgbé ni wọ́n. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa ni èyí: níbi tí kò ti sí alájọbí tí yóò dá ẹnikẹ́ni, kí ni yóò mú kí onílé mẹ́rìnlélógún jọ tọ́jú kànga kan ṣoṣo?

Ìdáhùn tiwa ni pé ìwé ni. Àwọn kan yóò sọ pé àṣà òyìnbó ni èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn baba wa mọ ẹ̀tọ́ olúkúlùkù nínú ohun àjọní kí ìwé tó dé. Ohun tí ilé-ẹjọ́ ṣe lẹ́yìn náà ni pé ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ní 1908, ẹjọ́ kan dé iwájú Adájọ́ Osborne ní Èkó, èyí tí àwọn amòfin ń pè ní ẹjọ́ Lewis àti Bánkọ́lé. Ilé ìjòyè kan tí ń jẹ́ Mabinuori, tí ó kú ní 1874, ni wọ́n ń jà sí. Nínú ẹjọ́ náà ni a ti rí àlàyé pé ọmọ ẹbí ní ẹ̀tọ́ láti gbé inú ilé ẹbí, láti wọlé kí ó sì jáde láìsí ìdíwọ́, láti dá sí bí a ó ṣe ṣàkóso rẹ̀, àti láti ní ìpín nínú owó tí ó bá ṣẹ́kù lórí rẹ̀. Wọ́n tún fi hàn níbẹ̀ pé obìnrin lè jẹ́ olórí ẹbí. Bí a bá yọ ọ̀rọ̀ gbígbé inú ilé kúrò, ẹ̀tọ́ mẹ́ta tí ó kù ni ó yẹ kí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ ìwé òfin ẹgbẹ́ onílé: kí ọ̀nà má dí mọ́ ẹnikẹ́ni, kí olúkúlùkù lè sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, kí gbogbo wọn sì mọ ibi tí owó wọlé sí. Onílé tí ó jẹ́ obìnrin, yálà opó ni tàbí ó dá ilé tirẹ̀ kọ́, kì í ṣe ẹni tí a ń ránṣẹ́ sí lẹ́yìn tí ìpàdé bá ti tú ká.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí ilẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó wọ́pọ̀ pé nígbà tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, onílé kan tí ó lójú àánú yóò sọ pé, “Ẹ wá gbẹ́ ẹ sí igun ilẹ̀ mi.” Gbogbo ènìyàn yóò pàtẹ́wọ́, wọn yóò sì gbàdúrà fún un. Kò sí ẹni tí yóò bèèrè ìwé, nítorí pé ó dàbí àìmoore. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, bàbá náà yóò ti kú, àwọn ọmọ yóò pín ogún, ẹni tí igun náà bọ́ sí lọ́wọ́ yóò sì mọ odi yí i ká. Kì í ṣe pé ọmọ náà burú. Kò sí ohun tí ó fi hàn án pé ti ẹgbẹ́ ni. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí ni ẹgbẹ́ fẹ́ rà, ìṣọ́ra tún gbọ́dọ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ti là á yé wa láti 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, pé bí àwọn ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìsí àwọn àgbààgbà ẹbí, wọ́n lè lọ fagi lé e ní ilé-ẹjọ́. Òfin ilẹ̀ ti 1978, tí ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gómìnà, kò mú ìṣọ́ra yìí kúrò.

Ní Ìkẹ́rẹ́ ó yẹ kí ó rọrùn láti ní òye pé ohun tí gbogbo ìlú ń wò gẹ́gẹ́ bí tiwọn lè kúrò níbẹ̀ lábẹ́ àdéhùn ẹni díẹ̀. Ọlọ́wẹ̀, oníṣẹ́-ọnà ńlá tí ó gbé Ìsẹ̀ lábẹ́ Arínjalẹ̀, ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n kó ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní 1924, àwọn ará Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé ti London sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó wà títí di òní. A kò dá Ògògà ìgbà náà lẹ́bi, nítorí pé òun ni ó ni ààfin. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ onílé kò ní ọba, kí akápò má sì ṣe bí ọba.

Ọ̀rọ̀ omi ní ìhà gúúsù Èkìtì yàtọ̀ sí ti Èkó. Orí àpáta ni Ìkẹ́rẹ́ wà. Ẹni tí ó bá ti rí Olóṣùnta àti Òrólé kò nílò àlàyé. Nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, omi kì í wà níbi gbogbo. Inú ilẹ̀ tí ó ti rà lórí àpáta ni ó ń dúró sí, àti nínú àwọn ibi tí àpáta ti là. Nítorí náà kànga kan lè ní omi títí di oṣù Kẹta nígbà tí èyí tí ó wà ní ilé kejì yóò ti gbẹ kí Kérésìmesì tó dé. Kí ẹgbẹ́ tó san owó fún àwọn agbẹ́kànga, kí wọ́n kọ́kọ́ san owó fún ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí a fi ń wo abẹ́ ilẹ̀. Owó náà kéré sí ti ihò tí kò lómi. Kí wọ́n sì wo ibi tí ṣálángá àwọn aládùúgbò wà, nítorí ìlànà tí a mọ̀ ni pé kànga àti ṣálángá gbọ́dọ̀ jìnnà síra tó bí 30 mítà. Níbí ni òwe àgbà ti bá wa mu, pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Lẹ́yìn tí omi bá ti dé, owó ni ó kù. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni ó mọ bí a ti ń dá owó láti ra nǹkan; díẹ̀ ni ó mọ bí a ti ń dá owó de ìgbà tí nǹkan yóò bàjẹ́. Ká sọ pé ilé mẹ́rìnlélógún ń san ₦2,000 lóṣù. ₦48,000 nìyẹn. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ sórí ọlọ́dẹ àti iná tí ẹ̀rọ sùmó fi ń fa omi, inú yóò dùn títí di ọjọ́ tí sùmó náà bá jó. Ṣùgbọ́n bí ilé kọ̀ọ̀kan bá yọ ₦500 sọ́tọ̀ nínú rẹ̀, ₦12,000 ni lóṣù, ₦144,000 ni lọ́dún, yóò sì di ₦432,000 ní ọdún mẹ́ta. Kí owó yìí ní báǹkì tirẹ̀. Kí a máa béèrè iye tí sùmó titun jẹ́ lọ́jà ní ọdọọdún, kí a sì tún owó náà gbé, nítorí ọjà kò dúró dè wá.

Kì í ṣe àwa nìkan ni èyí ń yọ lẹ́nu. Ní òru ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà 2021, apá ńlá nínú ilé alájà méjìlá kan tí wọ́n ń pè ní Champlain Towers South, ní Surfside ní Ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, wó lulẹ̀, ènìyàn 98 sì kú. Ilé náà ní ibùgbé 136, àwọn onílé fúnra wọn ni wọ́n sì ń ṣàkóso rẹ̀ nípasẹ̀ ẹgbẹ́ wọn. Láti 2018 ni onímọ̀ ẹ̀rọ ti kọ̀wé sí wọn pé ohun tí ó yẹ kí ó dá omi dúró lábẹ́ àgbàlá ibi ìlúwẹ̀ẹ́ ti bàjẹ́, àti pé kọ́ńkéré ń jẹ. Àríyànjiyàn lórí owó gba ọdún tí ó tó mẹ́ta. Nígbà tí wọn yóò fi fẹnu kò ní 2021, iye tí àtúnṣe ń béèrè ti tó bí mílíọ̀nù 15 dọ́là, ilé sì wó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ gan-an. A kò sọ pé àìní owó nìkan ni ó wó o. Ohun tí a mọ̀ ni pé òfin ibẹ̀ nígbà náà gba àwọn onílé láàyè láti dìbò pé àwọn kò ní fi owó àtúnṣe pamọ́, ní 2022 ni wọ́n sì yí òfin náà padà fún ilé tí ó bá ga tó àjà mẹ́ta.

Tiransifọ́mà ní ìṣòro tirẹ̀. Bí àdúgbò bá rà á tán, ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná ni yóò so ó mọ́ wáyà rẹ̀, láti ìgbà náà ni kò sì ti yé ẹnikẹ́ni mọ́ ẹni tí ó ni ín. Ìlànà tí àjọ tí ń ṣàkóso iná gbé jáde ní 2015 gba àwọn oníbàárà láàyè láti ná owó sórí irú ohun èlò bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá ti kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ náà lórí bí yóò ṣe san owó wọn padà. Ẹgbẹ́ tí ó bá rà á kí ó tó wá ìwé kò ní ohun tí yóò fi bèèrè. Lẹ́yìn òfin iná ti 2023, tí ó fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè, àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ iná ní Èkìtì bọ́ sọ́wọ́ ìpínlẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ní 2024. Adó ni kí ẹgbẹ́ mú ìwé rẹ̀ lọ nísinsìnyí. Ní ti ìtọ́jú, ohun tí ó ń tètè pa tiransifọ́mà ni pé bí iná bá dín lórí féèsì kan, gbogbo ilé yóò sá lọ sórí èyí tí ó mọ́lẹ̀. Ẹrù yóò wá wúwo sí apá kan, fíúsì yóò jó, ẹnìkan yóò sì fi wáyà kíki dípò rẹ̀. Kí ìwé òfin sọ ọ́ gbangba pé onílé kò gbọ́dọ̀ yí féèsì láìsọ fún akọ̀wé.

Ẹni tí kò sanwó ńkọ́? Onígbèsè méjì ni ó wà, kò sì yẹ kí a fi ojú kan wò wọ́n. Ọ̀kan ni onílé tí ń gbé Èkó tàbí ìlú òyìnbó, tí ó ń gba owó lọ́wọ́ ayálégbé ṣùgbọ́n tí kì í dá sí ẹgbẹ́. Èkejì ni àgbàlagbà tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò dé. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń ti ẹ̀rọ omi mọ́ àwọn méjèèjì. Èrò tiwa ni pé omi kọ́ ni a fi ń gba gbèsè. Àwọn ayálégbé tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ ni òùngbẹ yóò gbẹ, onílé tí ó jẹ gbèsè yóò sì máa mu omi tútù ní Èkó. Kí ẹgbẹ́ kọ̀wé sí i, kí ó sì bá ayálégbé ṣe àdéhùn lójú onílé, kí owó ẹgbẹ́ máa jáde láti inú owó ilé. Àgbàlagbà náà lè fi iṣẹ́ san tirẹ̀, bíi kí kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ìpàdé sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti san.

Ní ti oyè, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Alága, akọ̀wé, akápò àti ayẹ̀wé-owó-wò ti tó fún ẹgbẹ́ kékeré, ọdún méjì méjì sì dára. Kí ènìyàn mẹ́ta máa tọwọ́ bọ̀wé ní báǹkì, kí owó má sì jáde bí kò bá pé méjì. Ẹgbẹ́ tí ó bá ní ilẹ̀ yóò ṣe dáadáa bí ó bá forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin àwọn ilé-iṣẹ́ ti 2020, nípa yíyan àwọn alágbàtọ́, kí ilẹ̀ lè wà ní orúkọ ẹgbẹ́, kí ó má bàa jẹ́ orúkọ alága tí yóò kú lọ́jọ́ kan.

Ìwé kan ṣẹ́kù tí ọ̀pọ̀ kì í ní, òun ni ìwé ohun àjọní. Nínú rẹ̀ ni a ó kọ ọjọ́ tí a ra sùmó sí, ìjìnlẹ̀ kànga, iye òpó, orúkọ ẹni tí ó tún gọ́tà ṣe, àti iye kọ́kọ́rọ́ tí ó wà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ àtijọ́ bá fẹ́ kúrò, kí akápò méjèèjì jọ rìn yí àdúgbò ká pẹ̀lú ìwé náà ní ọ̀sán gangan, kí wọ́n ka kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n gun táǹkì kí wọ́n sì wo inú rẹ̀, kí wọ́n ka nọ́ńbà tí ó wà lójú mítà, kí àwọn méjèèjì tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.